Àga, Ọ̀pá, Ìkòkò Méjì

Nígbà tí mo sọ fún Fẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìláròó, pé géèmù tí a gbá nígbà èwe wa, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọkùnrin náà kò ní ojú, kò ní imú, kò sì ní ibì kankan tó ń lọ, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé pé wọ́n ń yìnbọn lu òun nínú fóònù. "Dádì, kí ló wá ń ṣe?" Mo ní àgbọn ló ń gbà. Igi àgbọn wà lókè, àgbọn ń já bọ́, ọkùnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ dání, ó ń gbà á. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Lẹ́yìn náà, àgbọn mìíràn já bọ́. "Tó bá wá gbà á tán ńkọ́?" Kì í tán. Àgbọn kì í tán lórí igi yẹn. Bí mẹ́ta bá ti bọ́ sílẹ̀ tó fọ́, ó parí nìyẹn. Fẹ́mi wò mí bí ẹni tó ń wo arúgbó tó ní ẹsẹ̀ lòun fi rìn dé Mẹ́kà. "Ìyẹn lẹ wá ń pè ní géèmù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, pé gbogbo agbo ilé wa ló sì fi odidi ọdún kan yí i ká, tí à ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

N kò kàwé púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Tíṣà ni bàbá mi, àmọ́ èmi àti ìwé kò bára wa rìn jìnnà. Ìkẹta girama la ti dágbére fúnra wa, kò sì sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Nítorí náà, bí èmi àti Fẹ́mi bá jókòó, òun ni tíṣà, èmi ni mo máa ń béèrè. Mo bi í pé níbo làwọn ènìyàn inú fóònù rẹ̀ máa ń lọ tó bá pa á. Ó ní wọn kì í lọ ibì kankan. Mo bi í pé ta ló ń bá a ka iye tó jẹ. Ó ní séfà ni, kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀. Mo ní níbo ni séfà ń gbé. "Dádì, ó lè jẹ́ Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ Ṣáínà, n kò mọ̀." Mo ní bí fóònù yìí bá já sínú kànga ńkọ́? "Màá wọlé lórí fóònù ẹlòmíràn. Gbogbo ẹ̀ á wà níbẹ̀: orúkọ mi, aṣọ mi, ìbọn mi. Kò lè sọnù." Ọ̀rọ̀ yẹn, kò lè sọnù, ni mo dì mú. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, bí ẹnìkan bá lè fọwọ́ sọ̀yà ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún un, gbogbo ewúrẹ́ inú agbo ilé wa ni ìbá kó fún onítọ̀hún.

Ayétòrò là ń gbé nígbà náà. Ọdún yẹn ni ìjọba kọ́kọ́ ti ẹnubodè lójú èmi. Ọmọdé kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹnubodè. Èrò mi ni pé ilẹ̀kùn gidi ni, onípákó, tó ga tó ilé ìjọsìn, tí sójà kan ti ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò tó sì gbé e lọ sí Èkó. Etí ni mo fi mọ̀ pé wọ́n ti tì í. Tẹ́lẹ̀, kí àkùkọ tó kọ ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Kétu máa ń gba iwájú ilé wa kọjá, tí ṣíbí á máa mì nínú abọ́. Nígbà tí wọ́n tì í, ṣíbí dákẹ́. Ohun tó kù fún etí ni ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá lẹ́yìnkùlé, agogo ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù, àti ìyá mi tó ń fi ìgbálẹ̀ lé adìyẹ tó ń fi orúkọ wa bú wọn. Ìrẹsì ló kọ́kọ́ kúrò nílé wa, kò dágbére. Búrẹ́dì tẹ̀ lé e. Ó wá ku láfún láàárọ̀, gààrí lọ́sàn-án, láfún tó tún padà wá nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Bí mo bá fajú ro, Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi tí mo wí yẹn, á ní, "Ikùn kò mọ orúkọ oúnjẹ. Ẹnu ló ń da ara rẹ̀ láàmú." Òun ló ni agbo ilé náà. Gbogbo ilé ìwé ló ń wárìrì tí bàbá mi bá wúkọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé, ọmọ Màmá Àgbà ni.

Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni láti pọn omi kún àmù. Àmù mẹ́ta ló wà nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ilé ìdáná, yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù bí imú ajá. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé ẹ̀yìn àmù ni ilé ẹ̀rù mi. Bí àrá bá sán, ẹ̀yìn àmù. Bí nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ bá wọ àdúgbò, ẹ̀yìn àmù. Bí tòlótòló Ìyá Ẹlẹ́pà bá na ọrùn sí mi, mo ti wà lẹ́yìn àmù kó tó pa á mọ́. Ìyábọ̀, ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin tí wọ́n gbé wá tọ́ lọ́dọ̀ wa, fi oṣù díẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ní orúkọ fún mi: Baálẹ̀ Ẹ̀yìn Àmù. "Káábíyèsí, nọ́ọ̀sì ti lọ, ẹ lè jáde." Òun kò bẹ̀rù nǹkan kan. Tòlótòló gan-an mọ̀ ọ́n.

Àbúrò bàbá mi tó kéré jù ni Bàbá Kékeré. Mẹkáníìkì ni ní Kútọnu, lọ́hùn-ún ẹnubodè. Ní Àjíǹde ọdún yẹn, kí wọ́n tó ti ọ̀nà, ó wálé. Ó kó búrẹ́dì gígùn gígùn sábẹ́ apá bí igi ìdáná, ó wọlé, ó ní, "Bonjúù, Màmá! Sava?" Màmá Àgbà kò gbé ojú sókè nínú gbágùúdá tó ń bó. "Fi Faransé yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí o dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí mo bí." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, búrẹ́dì fọ́n káàkiri, adìyẹ jẹ nínú rẹ̀. Ìgbà tó dìde ló fa géèmù náà yọ nínú àpò ṣòkòtò. Kò tóbi ju ìdajì ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó ń dún pí, pí, pí bí òròmọdìyẹ. Inú rẹ̀ ni ọkùnrin aláìlójú náà wà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dúdú ṣinṣin lórí ojú kan tó rí bí eérú. Àwọn ọmọ ilé kẹta ti wà lórí ògiri wa kí a tó mí. Mo bi Bàbá Kékeré pé ta ló gun igi àgbọn yẹn tó ń ju àgbọn sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ, ìbéèrè rẹ pọ̀ ju èyí tí bátìrì lè gbé lọ." Ó jókòó sórí pẹpẹ ilé, ó gbá a, gbogbo wa yọ ọrùn lé e léjìká, títí ó fi ní irínwó àti méjìdínlógún. Kò sí ẹni tó ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà a máa tọ́jú iye tó ga jù: bí a bá tẹ bọ́tìnnì pupa kan, yóò fi hàn wá. Bàbá Kékeré gbé e fún èmi àti Ìyábọ̀ pọ̀. "Ẹni tó bá ju tèmi lọ kí n tó padà dé, bàtà ni. Bàtà gidi, tí wọ́n fi awọ ṣe." Lọ́jọ́ kejì ó lọ. Kò pẹ́ tó lọ ni wọ́n ti ẹnubodè.

A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà kò wọlé, kò jáde. Ohun tó ń wọlé ni ìròyìn. Àwọn tó ń gba inú igbó lẹ́bàá Ìdógò ní sójà ń lu èèyàn bí ẹní pa ejò. Ẹnìkan ní wọ́n rí òkú ọkùnrin kan létí odò, kò mọ̀ ọ́n, ó ṣáà wọ aṣọ tó ní òróró ọkọ̀ lára. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu onítọ̀hún, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti gbọ́. Ó ń bá gbágùúdá rẹ̀ lọ, àfi pé èyí tó ti bó tẹ́lẹ̀ ló tún ń bó. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló pè mí. "Ohun tí Àjàní gbé sílẹ̀ yẹn, gbé e wá. Wọ́n ní ó kọ nǹkan síbẹ̀." Àjàní ni oríkì Bàbá Kékeré. Mo ní kì í ṣe pé ó kọ ọ́, Màmá, iye tó jẹ ni. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un pẹ̀lú ìgbéraga ọmọ tíṣà. "Má kà á fún mi. Fi hàn mí." Ó gbé e súnmọ́ ojú. Kò mọ̀wé, nítorí náà ó rí ohun tí àwa kò rí. Mẹ́rin inú ẹ̀rọ yẹn, tí ẹ bá wò ó dáadáa, àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni. Oókan, ọ̀pá ni. Mẹ́jọ, ìkòkò méjì tí wọ́n tò léra wọn. "Ọwọ́ Àjàní ló gbé ìwọ̀nyí síbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. "Wọn kò ní kúrò?" Wọn kò ní kúrò, àfi tí ẹnìkan bá jù ú lọ. Ó dá a padà fún mi, jẹ́jẹ́, bí ẹyin. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jù ú lọ. A kì í gbé àga ẹni tó lọ sí àjò kúrò nípò. Tó bá dé, níbo ni yóò jókòó sí?"

Báyìí la ṣe di ilé kan ṣoṣo, bóyá ní gbogbo ayé, tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n pàdánù géèmù. Lẹ́yìn iṣẹ́, bí a bá ti bó gbágùúdá tán tí omi ti kún àmù, a ó jókòó lórí pẹpẹ, Màmá Àgbà á fa àpótí rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyábọ̀ ló mọ̀ ọ́n gbá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ, Màmá Àgbà á béèrè, "Ó ti dé ibo?" A ó ní ó ti dé àga. "Ó tó. Jẹ́ kí ó fọ́." Ìyábọ̀ á jẹ́ kí àgbọn mẹ́ta fọ́, á sì máa ráhùn nínú imú. Èmi kò tilẹ̀ dé àga. Kí n tó súnmọ́ irínwó rárá ni mo ti máa ń da àgbọn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. "Baálẹ̀ Ẹ̀yìn Àmù, ó ṣì kù jìnnà!" Mo ní mo mọ̀, mo kàn fẹ́ ààyè ni. Lọ́jọ́ kan, Ìyábọ̀ kọ̀ láti gbọ́. Ó kọjá àga, ó kọjá ọ̀pá, ó ku àgbọn kan péré kó bá Bàbá Kékeré dọ́gba, ojú rẹ̀ pọ́n, bàtà ló ń rí. Àgbọn ń bọ̀ láti òkè. Màmá Àgbà kò na ọwọ́. Ó kàn tú gèlè rẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún, ó ń wo iwájú. A kò rí orí rẹ̀ lásán lọ́sàn-án rí. Ìyábọ̀ ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára bọ́tìnnì. Àgbọn mẹ́ta fọ́, pí, pí, pí. Ọmọ tí tòlótòló ń sá fún bú sẹ́kún. Màmá Àgbà fi gèlè náà nu ojú fún un. "Ẹsẹ̀ rẹ kò ní dínkù. Bàtà á bá a."

Bàbá mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. "Màmá, Kristẹni ni wá. Bátìrì ló wà nínú ẹ̀." Màmá Àgbà ní, "Ṣé mo ní kì í ṣe bátìrì ni?" Bàbá mi ní àwọn ará ìjọ lè gbọ́. Ó ní kí wọ́n wá wò ó, òun á fún wọn láàyè lórí pẹpẹ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo jí láti lọ pọnmi, mo gbọ́ pí nínú pálọ̀. Tíṣà ló dúró níbẹ̀, ó ti wọ aṣọ ilé ìwé tán, ó fi ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì pupa. Ó yíjú, ó rí mi. "Mo ń wo aago inú ẹ̀ ni." Aago ńlá onírin wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ káàárọ̀, sà. Ó ní o káàárọ̀. A kò sọ ọ́ mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí mo sọ ibí yìí fún Fẹ́mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ṣé gbogbo ilé ló mọ iye tí ẹnìkan jẹ? Mo ní títí kan Ìyá Ẹlẹ́pà. Ó ronú díẹ̀. Ó ní òun ti jẹ iye tó pọ̀ rẹpẹtẹ nínú géèmù tòun, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ilé yìí, pé Kòfí nìkan ló mọ̀. Ọmọkùnrin kan ní Pọ̀bẹ̀ ni Kòfí, lọ́hùn-ún ẹnubodè, lápá ti Bẹ̀nẹ̀. Wọn kò tíì fojú rí ara wọn rí. Àsìkò tí a sì ń sọ̀rọ̀ yìí, ìjọba tún ti ti ẹnubodè, ìrẹsì tún ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo tún ń jẹ láfún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ́ èpè fún, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí Fẹ́mi bá ti ilé ìwé dé, Kòfí á gba inú fóònù wọ pálọ̀ mi, á máa pariwo pé, "Fẹ́mi, ẹ̀yìn rẹ, ẹ̀yìn rẹ!" Ní àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí. Èmi àgbààgbà, mo dìde lọ ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé kọ́sítọ́ọ̀mù lè kanlẹ̀kùn pé ta ló gba ọmọ yìí wọlé láìsanwó orí ẹrù. Nígbà tó yá, ó wù mí láti mọ̀ ọ́n. Mo ń bi Fẹ́mi, "Kòfí ńkọ́ lónìí?" Á ní ó ń bẹ, Dádì, á fi hàn mí, àmì kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ tutù bí ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá tutù bí ewé, ó wà níbẹ̀. Bí ó bá di eérú, ó ti lọ. Mo rò ó títí. Ọkùnrin alágbọn wa kò mọ ẹnìkan, kò sọ̀rọ̀, kò kúrò lójú kan. Síbẹ̀ gbogbo ilé ló dúró tì í. Àwọn ti ìsinsìnyí ń sáré, wọ́n ń fò, wọ́n ń mọ ará Pọ̀bẹ̀, wọ́n ń kú wọ́n sì ń jí bí ẹni ń yọjú. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nídìí wọn, ó fi nǹkan di etí. N kò mọ èyí tó dára jù. Mo ṣáà ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sí ti àgbọn. Nígbà tí òjò ń lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ó kọ́kọ́ dà bí aṣọ dúdú tí wọ́n fọ̀ lẹ́ẹ̀kan jù, lẹ́yìn náà bí èéfín. Màmá Àgbà tẹ bọ́tìnnì pupa fúnra rẹ̀, ó ní, "Àga ń bẹ. Ọ̀pá ń bẹ. Ìkòkò méjì ń bẹ. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe wọ́n?" Mo ní bátìrì ló ń kú lọ. Bátìrì rẹ̀ kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, kò sí irú rẹ̀ ní Ayétòrò, bàbá mi wá a dé Ìláròó, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní, "Tíṣà, ọ̀nà Kútọnu nìyẹn ti ń wá." Màmá Àgbà bi mí, "Tó bá kú tán, ìwọ̀nyí ńkọ́?" N kò lè purọ́ fún un. Mo ní wọn á lọ, Màmá. A pa gbígbá rẹ̀ tì. Kò ràn án. Ó ń ṣá lọ. Níkẹyìn Màmá Àgbà ní, "Ẹ̀yin ọmọ alákọ̀wé yìí. Bí bátìrì rédíò bàbá yín bá ń kú lọ, kí la ń ṣe fún un?" Gbogbo wa mọ ìdáhùn: a máa ń sá a sóòrùn ni. Ta ni kò mọ ìyẹn? Bátìrì tó ti dákẹ́, ẹ sá a sóòrùn, á tún gbé ìròyìn agogo mẹ́rin. Ó yà wá lẹ́nu pé a kò ti rò ó. Bàbá mi gan-an ní, "Ó bọ́gbọ́n mu," ìyẹn sì jẹ́ tíṣà.

Ọ̀sán gangan ni. A tẹ́ gbágùúdá tí a fẹ́ fi ṣe láfún sórí páànù lágbàlá, Màmá Àgbà sì wá ààyè sí àárín rẹ̀, ó tẹ́ géèmù náà síbẹ̀, ojú sókè, bí ọmọ tó ń sùn. Ó ní kí n jókòó tì í, kí ewúrẹ́ má bàa rò pé gbágùúdá ni. Mo jókòó. Oòrùn ń jó páànù, ó ń ta mí lójú. Nígbà tí mo tún bojú wò ó, ó ti dúdú. Kì í ṣe ọkùnrin náà ló dúdú o. Gbogbo ojú rẹ̀ ló dúdú, láti etí dé etí, bí ìdí ìkòkò. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Dúdú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni òjìji Màmá Àgbà bọ́ lé mi lórí. Ó ti dúró lẹ́yìn mi. "Ta ló kùn ún?" Mo ní kò sẹ́ni tó kùn ún, Màmá. Ó wò ó, ó wò mí. Mo ń retí pé kó pariwo, nítorí ariwo ni mo mọ̀ ọ́n sá fún. Kò pariwo. Ó fìdí lélẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná, ó ká ọwọ́ lé orí, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jí ọmọ: "Àjàní. Àjàní ọmọ mi. Àjàní." Ìyá mi sáré jáde. Ìyábọ̀ sáré jáde. Àwọn ará ilé kẹta ń béèrè pé ta ló kú. Èmi ńkọ́? Ẹ ti mọ ibi tí mo wà. Mo di géèmù náà mú, mo sá gba ilé ìdáná kọjá, mo kó sẹ́yìn àmù.

Mo jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn, mo fẹ̀yìn ti àmù tútù, ilẹ̀ tútù wà nídìí mi, nǹkan náà gbóná láyà mi bí iṣu sísun. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pè mí. Mo pinnu pé n kò ní jáde mọ́, pé wọn á máa gbé oúnjẹ wá fún mi níbẹ̀ títí màá fi dàgbà. Mo gbé géèmù náà sórí ilẹ̀ níbi tí omi àmù ti rin sílẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kó kàn mí mọ́. N kò mọ bó ti pẹ́ tó. Nígbà tí mo tún jẹ́ kí ojú mi yà síbẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, dúdú náà ti ń ká láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń fà lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì. Etí ojú rẹ̀ kan ti di eérú. Igi àgbọn yọ. Apẹ̀rẹ̀ yọ. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa pẹ̀lú ojú dídì, mo la ọ̀kan. Ẹsẹ̀ àga ló kọ́kọ́ yọ. Ẹ̀rù mi, tí gbogbo ayé fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, òun ló mọ ibi tó yẹ kí á gbé e lọ. Oòrùn ló gbóná jù fún un, a kò mọ̀. Mo jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àmù kan. "Màmá! Àga ń bẹ! Àga ń bẹ!" Ó fi orúnkún rìn pàdé mi lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó wò ó. Ó fi èékánná tọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀pá ń bẹ. Ìkòkò méjì ń bẹ." Ó gbá mi mọ́ra títí n kò fi lè mí. Ìyábọ̀ ní, "Káábíyèsí." Kò fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn àmù la gbé e sí. Ó ń ṣá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Ìgbà tí Bàbá Kékeré dé, ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n títí tó fi dọ̀bálẹ̀. Ó ti rù. Ẹsẹ̀ bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Inú igbó ló gbà, ó jáde sí Ìmáṣàyí. Kò sọ bonjúù. Màmá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, kò gbé e kúrò. Nígbà tí wọ́n sunkún tán tí ó sì mu gààrí, ó tú bébà kékeré kan nínú àpò àyà rẹ̀: bátìrì bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, méjì. "Pílì nìyí. Mo mọ̀ pé á ti kú. Mo ní kí àwọn ọmọ má bàa jókòó lásán." Mo gbé géèmù wá láti ẹ̀yìn àmù. Ó ti fẹ́ ṣí ìdí rẹ̀ nígbà tí Màmá Àgbà ní, "Dúró." Mo ṣàlàyé fún Màmá Àgbà pé tí a bá yọ ti àtijọ́, ohun tó kọ síbẹ̀ á lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ó wò ó fún ìgbà ìkẹyìn, èéfín àga, èéfín ọ̀pá, èéfín ìkòkò méjì. Ó ní, "Yọ ọ́." Bàbá Kékeré yọ ọ́. Ojú géèmù náà ṣófo. Màmá Àgbà kò tilẹ̀ wò ó. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó na ẹsẹ̀, ó fa àga pálọ̀ kan wá, ó tì í sí i lẹ́yìn. "Jókòó."

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, Ìyábọ̀ ti kọjá irínwó àti méjìdínlógún, ó sì ń lọ bí ẹni tí wọ́n tú lókùn. Ó gba bàtà rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣí. Èmi ńkọ́? Mo gbá a fún ọdún mélòó kan sí i, kò sí ẹni tó dá mi lẹ́kun mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti súnmọ́ àga, àgbọn á fọ́. N kò kọjá rẹ̀ rí.

Mo sọ ọ́ dé ibí yìí fún Fẹ́mi, ó ti padà sínú fóònù rẹ̀, etí kan lọ́dọ̀ mi, etí kan ní Pọ̀bẹ̀. Oòrùn ọ̀sán wọ pálọ̀, fóònù náà wà nínú rẹ̀. Lójijì ó kígbe, "Áà! Ó ti gbóná jù, ó lé mi jáde! Kòfí ti lọ!" Mo wò ó: ibi àmì náà di eérú. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi í ti ara dúrọ́ọ̀mù omi, níbi tó ṣíji. Ọmọ náà ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi, "Dádì, omi! Omi ni o!" Mo ní kó dákẹ́. Àwa méjèèjì lóṣòó tì í. Ó pẹ́ díẹ̀. Fẹ́mi tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, orúkọ ń tò wá sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo na ìka, mo ń wá Kòfí, títí mo fi rí àmì rẹ̀, ó tutù bí ewé.

"Ó ń bẹ," ni mo wí.